Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Darí Ilé Ìwòsàn Tí Wọ́n Ti Ń Gba Àtọ̀ àti Ẹyin

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin dókítà, nọ́ọ̀sì àti alábòójútó gbogbo,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé tó ti dákẹ́ fún ọdún gbọọrọ ni ariwo ọmọ ti ń dún lónìí nítorí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka lẹ́tà yìí kó wá rò pé mo fẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé ní ìkọ̀kọ̀ sí ilé ìwòsàn kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọn ò dá mi lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá sí gbangba, tí mo sì fi kọ ọ́ sí gbogbo yín, torí mo ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ti ilé ìwòsàn kan lọ.

Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Ẹni tí ẹ bá ti yẹ àbùdá rẹ̀ wò, ẹ ti jẹ ẹ́ ní gbèsè àlàyé. Ìbáà jẹ́ pé ẹ gba àtọ̀ tàbí ẹyin rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ẹ dá a padà, gbèsè náà wà lọ́rùn yín.

Ọmọ ọdún 24 ni mí nígbà tí mo pinnu láti fi ẹyin tọrẹ. Oògùn jẹjẹrẹ ti ba ẹyin inú ọ̀rẹ́ mi kan jẹ́, mo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún un. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló fún un ní ẹyin nígbẹ̀yìn, ó sì fi bí ọmọbìnrin. Mo ní èmi náà á ṣe irú oore yẹn fún ẹnì kan. Mo kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi sínú ìgò tín-ín-rín mẹ́ta. Mo bi nọ́ọ̀sì pé kí ni wọ́n fẹ́ wò nínú rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ náà ni, ẹ má dààmú." Ó ń lẹ nọ́ńbà mọ́ ara ìgò bó ṣe ń sọ ọ́, kò wojú mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àpòòwé kan dé. Ìwé inú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Nọ́ńbà tí wọ́n fún mi ló wà lókè, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Lábẹ́ nọ́ńbà náà, wọ́n kọ ọ́ pé: "FMR1: 30/72. Kò yẹ fún ìtọrẹ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín." Ó tán. Ààyè funfun ló kù títí dé ìsàlẹ̀. Mo pè wọ́n lórí fóònù. Ọmọbìnrin tó gbé e ní, "Kò túmọ̀ sí pé ara yín ò yá o, a kàn ò lè lò ó ni." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi pépà náà há inú ìwé kan tí mò ń kà nígbà yẹn, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 30, nǹkan oṣù mi bẹ̀rẹ̀ sí í fo. Èmi àti ọkọ mi ti ń retí ọmọ, a kọ́kọ́ dunnú. Kì í ṣe oyún. Dókítà obìnrin kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ló bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti yẹ FMR1 yín wò rí?" Àyà mi já. Mo ní wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, mo tiẹ̀ mọ ìwé tí mo fi pépà rẹ̀ há. Mo mú un wá lọ́jọ́ kejì. Dókítà dojú pépà náà délẹ̀, ó mú bírò, ó ń yàwòrán sẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ṣe ohun tó yẹ kí ẹnì kan ti ṣe fún mi lọ́dún mẹ́fà ṣáájú.

Ẹ̀yin mọ ohun tó yà síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn míì tó máa ka lẹ́tà yìí lè má mọ̀ ọ́n. Orí kírómósómù X, ọ̀kan lára àwọn okùn tín-ín-rín inú ara tó ń gbé ohun àjogúnbá, ni jíìnì tí wọ́n ń pè ní FMR1 wà. Ọdún 1991 ni àwọn onímọ̀ rí i. Nínú jíìnì náà, lẹ́tà mẹ́ta kan wà, CGG, tí ara máa ń kọ ní àkọtúnkọ. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, iye ìgbà tó fara hàn kì í kọjá 44. Bó bá wà láàárín 55 sí 200, ẹni náà lè má mọ nǹkan kan lára rárá, àmọ́ iye yẹn kò dúró sójú kan mọ́: bí obìnrin bá fi jíìnì náà fún ọmọ, ó lè pọ̀ sí i lójijì. Bó bá ti kọjá 200, jíìnì náà á ti pa, ọpọlọ ọmọ ò ní rí èròjà tó ń ti inú rẹ̀ wá mọ́. Àìsàn yẹn ni wọ́n ń pè ní Fragile X, tó ń mú kí ọmọ pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, tó sì ń mú kí ẹ̀kọ́ nira fún un, pàápàá ọmọkùnrin.

Obìnrin ní kírómósómù X méjì. Tèmi, ọ̀kan ní 30, èkejì ní 72.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Bí wọn ò ṣe gba ẹyin mi yẹn, wọ́n ṣe ohun tó tọ́, inú mi sì dùn pé àyẹ̀wò náà wà. Ohun tó ń dùn mí ni ìlàjì kejì. Nínú 100 obìnrin tó ní irú iye tí mo ní yìí, nǹkan bí 20 ni ẹyin inú wọn máa ń tán kí wọ́n tó pé ọmọ 40 ọdún. Láàárín àwọn obìnrin yòókù, nǹkan bí ẹyọ kan nínú 100 ni. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù: mo wọ ilé ìwòsàn yẹn ní ọmọ ọdún 24, ẹyin ṣì kún inú mi, àwọn dókítà tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ẹyin, tí wọ́n ń fi í pa mọ́ sínú òtútù líle, wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú mi. Kò sẹ́ni tó ní, "Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ká sọ ti ara yín ná."

Dókítà àgbà yẹn kò tíì dá bírò rẹ̀ dúró. Ó ní, "Bàbá yín ńkọ́? Ṣé ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n?"

Ọmọ ọdún 61 ni bàbá mi nígbà náà. Ó ti tó ọdún méjì tí a kì í bu omi kún ife fún wọn mọ́, ìlàjì la máa ń bù, torí bí wọ́n bá gbé e báyìí, ó ti dà sí wọn láyà. Wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kọjá. Ọjọ́ orí la pè é. Ọkùnrin tó ti lé ní 50 ọdún, tó sì ní irú iye yìí, lè ní ọwọ́ gbígbọ̀n àti ẹsẹ̀ tí kò dúró dáadáa. FXTAS ni wọ́n ń pe àìsàn yẹn, ọdún 2001 ni àwọn dókítà kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Wọ́n yẹ bàbá mi wò, ara wọn ni 72 náà ti wá. Ọkùnrin kì í sì í ní ju X kan lọ, gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń fún, kò sí ọmọkùnrin rẹ̀ kankan tó ń gbà á.

Gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀. Mo ní àbúrò obìnrin kan.

Ọdún kejì lẹ́yìn tí àpòòwé yẹn dé ni àbúrò mi bí ọmọkùnrin. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta, kò tíì pe "màmá" rí. Bí ariwo bá dún, á fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, á máa yí ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ dókítà yìí, ọ̀dọ̀ dókítà yẹn. Ẹnì kan ní kó má fún un ní fóònù mọ́. Ẹlòmíì sọ fún un pé kì í bá ọmọ sọ̀rọ̀ tó ni, ó sì sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́ lọ́jọ́ náà, àbúrò mi tí kì í dákẹ́ lẹ́nu láàárọ̀ títí dalẹ́. Lẹ́yìn tí dókítà ti yàwòrán ẹbí wa sẹ́yìn pépà yẹn ni wọ́n tó yẹ ọmọ náà wò. Ó lé ní 200.

Mi ò sọ pé kí ọmọ yẹn má wáyé o. Bí ẹ bá rí ẹ̀rín rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé àbúrò mi ì bá ti mọ̀. Bóyá ì bá ti bímọ bẹ́ẹ̀, bóyá ì bá ti gba ọ̀nà mìíràn, òun ló ni ìpinnu yẹn. Bó bá sì ti mọ̀ láti ìkókó, ọmọ náà ì bá ti máa rí olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ láti ọmọ ọdún kan, kò ní jẹ́ pé ẹ̀bi ni wọ́n á máa di lé ìyá rẹ̀ lórí fún ọdún mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ wà lórí pépà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, nínú ìwé kan, lórí pẹpẹ ìwé mi.

Mo ti ń gbọ́ ìdáhùn àwọn kan nínú yín: "Àwa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò dáadáa, kódà ọ̀pọ̀ àrùn là ń wò lẹ́ẹ̀kan náà." Mo gbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tún wo apá ibi tí àyẹ̀wò ti dára, tí kò sì rí nǹkan kan, torí ibẹ̀ gan-an ni a ti nílò ẹni tó máa ṣàlàyé jù.

Lọ́dún 2009, àwọn dókítà ròyìn ọ̀ràn ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA. Ọmọ ọdún 23 ni ọkùnrin náà nígbà tó fi àtọ̀ tọrẹ, kò ṣàìsàn, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní àbùdá kan tó ń mú kí iṣan ọkàn nípọn, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ìgbà tí wọ́n rí àrùn náà lára ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ni ọ̀rọ̀ tó délé rẹ̀. Ọmọ 24 ni wọ́n mọ̀ pé ó ti ara rẹ̀ wá, 22 nípasẹ̀ àtọ̀ tó fi tọrẹ, méjì láti ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Mẹ́sàn-án ló jogún àbùdá náà, ọ̀kan nínú wọn sì kú ní ọmọ ọdún méjì.

Èyí tó tún sún mọ́ wa jù ni ti oṣù karùn-ún ọdún 2025. Níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ àbùdá kan ní ìlú Milan, wọ́n ròyìn ọkùnrin kan tí wọ́n fi àtọ̀ rẹ̀ bí ọmọ 67, ó kéré tán, ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Yúróòpù. Wọ́n rí àṣìṣe kan nínú jíìnì TP53, tó máa ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ jẹjẹrẹ, lára 23 nínú àwọn ọmọ náà, jẹjẹrẹ sì ti mú mẹ́wàá. Ara ọkùnrin náà le. Apá kan lára àtọ̀ rẹ̀ ni àṣìṣe náà wà, kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà lápá rẹ̀ lè má fi nǹkan kan hàn.

Kò sí àyẹ̀wò tó lè rí gbogbo rẹ̀, mi ò sì retí pé kí ẹ di ọlọ́run. Ẹ má kàn lo ọ̀rọ̀ náà "ó mọ́" mọ́ fún tọkọtaya tó wá gba àtọ̀ tàbí ẹyin. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi níbi tí a jókòó sí tí à ń dúró de dókítà: "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹni yìí mọ́, wọ́n ti yẹ gbogbo ẹ̀ wò." Ẹ gbé àrùn iṣan ara tí wọ́n ń pè ní SMA yẹ̀ wò. Àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀ ń ka iye jíìnì SMN1, èyí tí àìsí rẹ̀ ń fa àrùn náà, tí èèyàn ní. Bó bá jẹ́ méjì, wọ́n á ní kò séwu. Àmọ́ àwọn kan wà tí méjèèjì wà lórí kírómósómù kan ṣoṣo, tí èkejì ṣófo, wọ́n sì lè fi èyí tó ṣófo náà fún ọmọ. Ó dà bíi kéèyàn ka bàtà méjì lẹ́nu ọ̀nà láìwò ó pé ti ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì. Tọkọtaya lè gbọ́ irú àlàyé yìí, ó lè yé wọn, kí wọ́n sì tẹ̀ síwájú láìsí ìbẹ̀rù. Ohun tí wọn ò lè fara dà ni kí wọ́n gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ọmọ ti dé.

Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, ẹ̀ ń lé àwọn tí kò yẹ kí ẹ lé. Ọ̀rẹ́kùnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí lọ fi àtọ̀ tọrẹ, wọ́n dá a padà torí pé AS ni jẹ́nótáìpù rẹ̀. Ó padà wá bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti bà jẹ́. Ó bi mí ní tìtìjú bóyá òun ṣì lè gbé ìyàwó. Ẹ jọ̀ọ́, AS kì í ṣe àbùkù. Bí obìnrin tó fẹ́ gba àtọ̀ náà bá jẹ́ AA, ọmọ wọn ò lè ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí òun náà bá jẹ́ AS, ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni kí ọmọ jẹ́ SS. Ẹ wo ẹni tí ẹ fẹ́ so ó pọ̀ mọ́, ẹ má wo òun nìkan. Bákan náà, bó bá jẹ́ ẹyin ni wọ́n fẹ́ gbà, ọkọ tí àtọ̀ rẹ̀ máa pàdé ẹyin náà ni kí ẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe ìyàwó tó máa gbé oyún. Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀. Mo tún mọ tọkọtaya tí ẹnikẹ́ni kò yẹ ọkọ wò. Gbogbo wa pátá la gbé àbùdá àrùn kan tàbí òmíràn tí kò hàn síta. Bí ẹ bá ní àfi ẹni tí kò ní rárá, ẹ ò ní rí ẹnì kan gbà.

Ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó wọ apá. Kí ẹnì kan bi olùtọrẹ pé: kí lẹ fẹ́ mọ̀, kí lẹ ò fẹ́ mọ̀? Àwọn àrùn kan wà, bíi Huntington, àrùn ọpọlọ àjogúnbá kan, tí kì í sábà yọ jáde títí èèyàn á fi dàgbà, tí kò sì ní ìwòsàn. Ẹlòmíì fẹ́ mọ̀ kó lè ṣètò ayé rẹ̀, ẹlòmíì ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí, àwọn méjèèjì ló sì lẹ́tọ̀ọ́. Ẹ bi í pé ta ló fẹ́ kí ẹ sọ fún bí nǹkan bá yọ. Ẹ sọ fún un pé ohun tí ẹ bá rí lè kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àbúrò rẹ̀, àtàwọn òbí rẹ̀ tí kò fọwọ́ sí ìwé kankan. Bó bá gbọ́ gbogbo èyí tó sì yí ọkàn padà, ẹ jẹ́ kó máa lọ ní àlàáfíà.

Ti ìtàn ẹbí náà ńkọ́? Fọ́ọ̀mù tí mo kọ bi mí pé, "Ǹjẹ́ àrùn àjogúnbá kankan wà nínú ẹbí yín?" Mo kọ "Rárá." Irọ́ kọ́ ni mo pa, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ká ní ẹnì kan bi mí pé, "Ta ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n? Èwo nínú àwọn obìnrin ẹbí yín ni nǹkan oṣù rẹ̀ dúró láìtọ́jọ́? Ta ló ṣubú lórí pápá nígbà tó ń sáré, tí kò dìde mọ́? Ọmọ wo ni wọ́n kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀?", ǹ bá ti pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, torí àwọn àgbà obìnrin ló ni irú ìtàn yẹn lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 22 kò lè mọ ohun tó pa ìyá ìyá rẹ̀. Ẹ fún un ní fọ́ọ̀mù náà kó gbé e lọ sílé.

Ẹ má sì rò pé fáìlì ti pa dé lọ́jọ́ tí olùtọrẹ bá jáde. Láti ọdún 1985 ni òfin Sweden ti fún ọmọ tó dàgbà ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tó fi àtọ̀ tọrẹ. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni tó bá tọrẹ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2005, ọmọ tí wọ́n bí nípasẹ̀ rẹ̀ lè mọ orúkọ rẹ̀ bó bá ti pé ọmọ ọdún 18. Ibi tí òfin ò tiẹ̀ ti sọ ọ́, èèyàn lè tutọ́ sínú ìgò, kó fi ránṣẹ́, kó sì rí ìbátan rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ yẹn á ní ìbéèrè nípa ọkàn, nípa jẹjẹrẹ, nípa ọpọlọ. Kí olùtọrẹ tí àìsàn kan bá yọ lára rẹ̀ ní ọmọ ọdún 45 rí ẹni tó máa pè. Kí ìyá tí dókítà bá sọ nǹkan fún nípa ọmọ rẹ̀ rí ẹni tó máa pè, kí ẹni náà sì mọ bó ṣe máa dá àtọ̀ tó kù dúró lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì wá àwọn ìdílé yòókù kàn.

Iṣẹ́ àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí àbùdá kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1969 ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní Sarah Lawrence College ní Amẹ́ríkà. Ẹ gba irú wọn síṣẹ́. Bí owó ò bá tó láti gba ẹnì kan tí á máa jókòó sọ́dọ̀ yín, ẹ bá ẹni tó lè máa gba fóònù ṣàdéhùn. Ẹ ṣáà má fi iṣẹ́ náà lé ẹni tí owó rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí iye olùtọrẹ bá ṣe ń pọ̀ sí i lọ́wọ́, torí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní lè sọ fún ọmọ ọdún 24 kan pé kó kọ́kọ́ lọ ro ara rẹ̀.

Pépà mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, àwòrán ẹbí wa wà lẹ́yìn rẹ̀: bàbá mi, èmi, àbúrò mi, ọmọ rẹ̀ tó ti ń pe "omi" àti "jókòó" báyìí. Níwájú, lábẹ́ 30/72, ààyè funfun yẹn ṣì wà níbẹ̀. Lórí pépà tí ẹ máa fún olùtọrẹ tó bá wá lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ẹnì kan síbẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ẹ sì kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ jọ máa jókòó.

Èmi tiyín nítòótọ́,
ẹni tí wọ́n dá ẹyin rẹ̀ padà